Tábìlì Ibò Kàǹtì Elliott: Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Ara Mi Tò Ó Lẹ́yìn Tí Mo Sanwó Fún Ìsọkúsọ

Dọ́là 85 ni mo san. Tábìlì ibò ni wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní gbogbo kàǹtì 120 (county, ẹ̀ka ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) tó wà ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀, àti pé àwọn ti bá èèyàn fi òpó (column) kan sí i tó ń sọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí kàǹtì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Mo ṣí i, mo wá Kàǹtì Elliott lọ tààrà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé "Democrat, ó dájú." Ẹ gbà mí o! Kàǹtì tí Donald Trump ti ẹgbẹ́ Republican mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ibò rẹ̀ ní 2016, tó tún mú ìdá 75 ní 2020, òun ni wọ́n ń pè ní Democrat tó dájú. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n fèsì pé dátà àwọn péye gẹ́gẹ́ bí ìwé orúkọ olùdìbò ṣe wí, àti pé ọjà tí wọ́n bá ti ṣí kò ṣe é dá padà.

Èsì yẹn bí mi nínú, ṣùgbọ́n òun náà ló tú àṣírí. Ìwé orúkọ olùdìbò ni wọ́n lọ wò, wọn ò wo ibò. Mo bá jókòó, mo tò ó fúnra mi, gbogbo fáìlì tí mo sì lò pátá, ọ̀fẹ́ ni. Owó yẹn ṣì ń dùn mí.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: Elliott wà láàárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky, Sandy Hook ni olú-ìlú rẹ̀. 1869 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti ìdìbò ààrẹ ti 1872 títí dé ti 2012, ẹgbẹ́ Democrat ló ń mú un, ìgbà 36 léraléra. Kò sí kàǹtì míì ní Amẹ́ríkà tó bá ẹgbẹ́ yẹn lọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìyẹsẹ̀. Ní 1972 tí Richard Nixon gba ìpínlẹ̀ 49 nínú 50, George McGovern ti Democrat ni Elliott dìbò fún. Aláwọ̀ funfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ará ibẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún Barack Obama ní ìdá 61 ní 2008. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ibẹ̀: bí tábìlì kan bá lè sọ Elliott bó ṣe rí, yóò sọ àwọn yòókù.

Wíwá iye ibò kò le rárá. MIT Election Data and Science Lab ní fáìlì kan tó ní ibò ààrẹ ti gbogbo kàǹtì láti 2000 wá. Ẹ gbé e wọlé, ẹ ṣẹ́ ẹ sí 21063 ní òpó county_fips, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kàǹtì kọ̀ọ̀kan mọ̀, Elliott nìyẹn. Ẹ má fi orúkọ wá a, nọ́ńbà ni kí ẹ lò. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún, òpó tí wọ́n ń pè ní mode. Ní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ kan pín ibò wọn sí ti ọjọ́ ìdìbò, ti ìfìwéránṣẹ́ àti ti ẹni tó ti dìbò ṣáájú, nítorí náà olùdíje kan lè ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ro wọ́n pọ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó bá mú ìlà àkọ́kọ́ nìkan ti gé ibò dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àpapọ̀ yín wé èyí tí ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Kentucky gbé jáde. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tẹ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ ló kàn, nítorí òun ni wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ mi. Àwa tí a ti INEC wá kò mọ irú ètò yìí: nígbà tí èèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Nàìjíríà, INEC kò bi í pé ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe. Ní Kentucky, fọ́ọ̀mù yóò bi yín, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì máa ka iye Democrat àti Republican tó wà ní kàǹtì kọ̀ọ̀kan. Ní 2016, ju ẹni mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀ ní Elliott ló jẹ́ Democrat. Ọdún yẹn kan náà ni Trump kó ibò wọn lọ ràì.

Kí ló dé tí wọn ò yí orúkọ ẹgbẹ́ wọn padà? Ìdìbò abẹ́lé ni. Ní Kentucky, ẹni tó bá wà nínú ìwé ẹgbẹ́ kan nìkan ló lè dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà, ẹni tó bá sì fẹ́ yí ẹgbẹ́ padà gbọ́dọ̀ ti ṣe é, ó pẹ́ tán, ní 31 oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú. Ní kàǹtì tí Democrat ti ń jọba láti ayé bàbá ńlá, oṣù Karùn-ún tí ìdìbò abẹ́lé ń wáyé ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí yóò di olórí kàǹtì, ṣẹ́rífù, akọ̀wé kàǹtì, àní títí kan alábòójútó ọgbà ẹ̀wọ̀n kàǹtì, nítorí ní Kentucky, ìyẹn náà ipò tí wọ́n ń dìbò yàn ni. Ẹni tó bá lọ di Republican ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kò ní lè bá wọn yan ṣẹ́rífù tí yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Nítorí náà, wọ́n ń pe ara wọn ní Democrat nínú ìwé, wọ́n ń bá tiwọn lọ nínú àpótí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé òpó ìwé orúkọ jáde tó pè é ní ohun tí kàǹtì ń rò, ọjà ẹ̀tàn ló ń tà, kódà bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mo fi òpó ìwé orúkọ sílẹ̀ nínú tábìlì tèmi, ṣùgbọ́n mo kọ "ẹgbẹ́ inú ìwé" sí orí rẹ̀, mo sì fi iye ibò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì gan-an ni ìròyìn. Àlàfo yẹn kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Trump. Nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat ti 2012, Obama nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìdìbò ní Kentucky, síbẹ̀ ìdá 42 nínú àwọn Democrat ìpínlẹ̀ náà tẹ̀ka sí àyè "kò sí ẹni tí mo yàn". Ẹni tó bá ti ní fáìlì ìdìbò abẹ́lé lọ́wọ́ kò ní pariwo ìyàlẹ́nu ní 2016.

Ó ku iye ibò fúnra rẹ̀. Ohun tí inú mi dùn sí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí, nítorí mi ò rí i nínú tábìlì olówó yẹn. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ni wọ́n kọ. Èmi kọ iye orí, ti ẹgbẹ́ méjèèjì, Democrat ló ṣáájú lọ́dún kọ̀ọ̀kan, Republican tẹ̀lé e:

2004: Kerry 2,064, Bush 871
2008: Obama 1,535, McCain 902
2012: Obama 1,186, Romney 1,126
2016: Clinton 740, Trump 2,000
2020: Biden 712, Trump 2,246

Ẹ wo 2004 sí 2008 dáadáa. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yóò sọ fún yín pé Democrat já wálẹ̀ láti bí 70 sí 61, Republican sì gòkè láti 29 sí 36, bí ẹni pé àwọn èèyàn ń kó láti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Irọ́ ni. Democrat pàdánù ibò 529, ibò 31 péré ni Republican fi lé sí i. Ibò tó kù kò bọ́ sọ́wọ́ Republican, ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ín kò jáde ni. Ní 2012, Democrat tún pàdánù 349, Republican jèrè 224, Obama sì fi ibò 60 péré mú kàǹtì náà. Ìgbà tó di 2016 ni Republican ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 874 lé sí i lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí Democrat pàdánù 446. Ẹ rí i pé èrè ju àdánù lọ fíìfíì: ó ní láti jẹ́ pé àwọn tí kò dìbò ní 2012 wà lára wọn, ẹlòmíì nínú wọn sì lè jẹ́ ẹni tí kò dìbò rí.

Bí ẹ bá wá fo àárín tí ẹ mú 2004 àti 2020 nìkan, ibẹ̀ ni tábìlì yóò ti tàn yín jẹ. Democrat pàdánù 1,352, Republican jèrè 1,375. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá rí i yóò ní "àwọn èèyàn kan náà ló yí padà." Iye ibò kò lè sọ ìyẹn fún yín. Láàárín ọdún 16, àgbàlagbà ti kú, ọmọdé ti dàgbà, àwọn kan ti kó lọ. Mi ò kọ gbólóhùn kankan nípa "àwọn tó yí padà" sínú tèmi, nítorí èèyàn ni yóò jẹ́rìí sí ìyẹn, kì í ṣe òpó inú Excel.

Wàyí o, ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi jáwọ́. Ìbéèrè kékeré ni mo bi: ṣé àwọn tó jáde dìbò ní 2020 pọ̀ ju ti 2004 lọ, tí a bá fi iye ará ìlú pín in? Mo rò pé ìṣírò ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Àpapọ̀ ibò ẹgbẹ́ méjèèjì ní 2004 jẹ́ 2,935. Ní 2012 ó jẹ́ 2,312. Ní 2020 ó jẹ́ 2,958. Ìkànìyàn 2000 ní èèyàn 6,748 ló ń gbé Elliott, ti 2010 ní 7,852, ti 2020 ní 7,354. Ẹ pín wọn: nínú èèyàn ọgọ́rùn-ún, bí 43 ló dìbò ní 2004, 29 ní 2012, 40 ní 2020. Ìyẹn ni pé ọdún Trump pàápàá kò tó ti Kerry.

Kò bá mi lára mu. Kàǹtì tí ọ̀dọ́ ń sá kúrò níbẹ̀, báwo ló ṣe fi èèyàn 1,104 lé sí i láàárín 2000 sí 2010? Kò sí ilé-iṣẹ́ tuntun níbẹ̀ tó lè fa èrò tó bẹ́ẹ̀. Tábàá ni wọ́n ń gbìn tẹ́lẹ̀, ní 2004 sì ni ìjọba àpapọ̀ fòpin sí ètò ìpín tábàá tó ń dáàbò bo iye owó àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Èèyàn yẹ kó dín ni.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n kọ́ Little Sandy Correctional Complex sí kàǹtì náà, wọ́n ṣí i ní 2005, ó sì ń gba bí ẹgbẹ̀rún kan ọkùnrin. Òfin àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ni pé ibi tí èèyàn ń sùn ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n gbé wá láti Louisville di ará Elliott nínú ìwé. Kò sì lè dìbò: òfin Kentucky gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá. Àṣẹ tí Gómìnà Andy Beshear pa ní oṣù Kejìlá 2019 dá ẹ̀tọ́ yẹn padà fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ti parí ìdájọ́ rẹ̀ lórí ọ̀ràn tí kò ní ìwà ipá nínú, kò kan ẹni tó ṣì wà nínú ọgbà. Ẹgbẹ̀rún kan èèyàn nínú ẹgbẹ̀rún méje. Ní ìlú ńlá, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ní Elliott, ó ba gbogbo ìṣírò jẹ́.

Ẹ yọ wọ́n kúrò, kí ẹ wá wò ó. Ní 2012, ó di 34 dípò 29. Nínú 14 (43 yọ 29) tó dà bí ẹni pé ó jókòó sílé láti 2004, bí mẹ́rin ni kì í ṣe ará ìlú rárá, àwọn tó wà lẹ́yìn géètì ni. Ní 2020, 40 di bí 47, ó sì ju 43 ti 2004 lọ. Ìdáhùn yí padà pátápátá. Kódà bí ẹ bá ní ẹlẹ́wọ̀n 700 péré ló wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ó ṣì jẹ́ 44. Tábìlì olówó yẹn kò yọ ẹnì kan kúrò. Wọ́n pín in bẹ́ẹ̀, wọ́n fi àwọ̀ pupa kùn ún, wọ́n kọ "ìfẹ́ sí ìdìbò ń dínkù" sí abẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa rí àwọn ẹlẹ́wọ̀n nínú ìkànìyàn rèé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti jìyà. Ẹ lọ sí data.census.gov, ẹ yan fáìlì àtúnpín àgbègbè ìdìbò ti 2020, èyí tí wọ́n ń pè ní PL 94-171. P1 ni gbogbo èèyàn, P3 ni àwọn tó ti pé ọdún 18, P5 ni àwọn tó ń gbé inú ilé àjọgbé. Ìlà P5_003N ni ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà. Tí ẹ bá kàn tẹ "prison" sínú àpótí ìwádìí, oríṣiríṣi nǹkan ni yóò kó wá, kò sì dájú pé P5 yóò wà níbẹ̀. Orúkọ tábìlì ni kí ẹ tẹ̀. Fún 2010, ẹ má wá P5 nínú fáìlì àtúnpín, kò sí níbẹ̀. Tábìlì P42 nínú Summary File 1 lẹ máa lọ. Fún 2000, ẹ ò ní yọ ohunkóhun nítorí ọgbà náà, kò tíì sí. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé àgbàlagbà ni gbogbo wọn, ẹ lè yọ wọ́n tààrà lára P3, ohun tó kù yóò sì dára ju àpapọ̀ èèyàn tí mo lò lókè lọ fún pípín ibò.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ lo iye ọmọ orílẹ̀-èdè tó tó dìbò, èyí tí àjọ ìkànìyàn ń ṣe láti inú ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ó ka ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ọn, àyè àṣìṣe rẹ̀ ní kàǹtì kékeré sì gbòòrò débi pé ó lè gbé ìdáhùn yín mì. Ẹlòmíì yóò ní kí ẹ fi iye tó forúkọ sílẹ̀ pín in. Ìyẹn burú jù. Òfin àpapọ̀ ti 1993 kò jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ ẹni tó kó lọ bẹ́ẹ̀ lásán: bí òun fúnra rẹ̀ kò bá kọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí i, kó má fèsì, kí wọ́n sì dúró de ìdìbò gbogbogbòò ti ìjọba àpapọ̀ méjì tí kò fi yọjú. Orúkọ ẹni tó ti ń gbé Ohio tipẹ́ ṣì lè wà ní Sandy Hook, yóò sì máa fa ìdá yín wálẹ̀.

Ti ibùdó ìdìbò, mi ò wọ̀ ọ́ jìnnà. Láti 2020 ni àwọn kàǹtì Kentucky ti ń lo ibùdó tí ẹni tó bá wù lè lọ dìbò láìka àdúgbò sí, òfin 2021 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ibò tí wọ́n kọ sí abẹ́ ibùdó kan lè jẹ́ ti àdúgbò mẹ́ta. Ẹ má fi wé ti 2016 bí ẹ kò bá tíì rí i pé ohun kan náà ni ìlà méjèèjì ń kà.

Ẹ fi ìdìbò gómìnà kún un bí ẹ bá fẹ́ kí tábìlì yín ní láárí. Ọdún tí ààrẹ kò sí lórí ìwé ìdìbò ni Kentucky ń yan gómìnà. Ní 2019, láàárín ìdìbò ààrẹ méjèèjì tí Trump ti mú un, Elliott dìbò fún Beshear tó jẹ́ Democrat, ẹni tó wọlé pẹ̀lú ohun tó lé díẹ̀ ní ibò 5,000 ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ọmọ Sandy Hook ni Rocky Adkins, tó ṣe olórí Democrat ní ilé aṣòfin Kentucky. Òun ló gba ipò kejì sí Beshear nínú ìdìbò abẹ́lé ọdún yẹn, ó sì di olùdámọ̀ràn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, òpó "ẹgbẹ́ tí kàǹtì ń ṣe" kò sí nínú tèmi. Òpó mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ inú ìwé, ibò ààrẹ, ibò gómìnà. Ní Elliott, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sọ ohun kan náà, ẹni tó bá sì fẹ́ rò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, kó lọ bá àwọn tó gba dọ́là 85 lọ́wọ́ mi.